Ìyá Àgbà Mi àti Táyà Tí Kì Í Dán

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá àgbà mi kú, òjò ń rọ̀ ní Sango, àbúrò mi sì ń bọ̀ láti Ìjù lórí ọ̀kadà. A ti tẹ́ òkú sí yàrá. Àwọn obìnrin ń pọn omi tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́. Mo ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń padà wọlé, mo tún ń jáde, àwọn tó rí mi sì rò pé mò ń wá ibi tí n óò ti sunkún ni. Kì í ṣe ẹkún. Táyà ni mò ń rò.

Mo ti pe Ráṣídì, àbúrò mi yẹn, lórí fóònù pé ó ti ṣẹlẹ̀. Mo ní kó wọ mọ́tò wá. Ó ní, "Mọ́tò wo ló máa kọjá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yìí? Àáfà ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa sin ín. Àǹtí mi, mi ò lè má bá a." Mo ní kó rọra. Ó ti pa fóònù.

Ó ti lé ní ọdún kan tí òun àti ìyá àgbà ti yan ara wọn lódì, nítorí táyà. N kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì tó dá ìjà náà sílẹ̀ ṣì wà lára táyà rẹ̀ bó ti ń bọ̀ yẹn, lórí ọ̀nà tó tutù, pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́. Bí wọ́n bá sin ìyá àgbà kó tó dé, ìjà náà kò ní parí láé. Bó bá sì sáré kó lè bá a, òkú lè di méjì.

Obìnrin tí a ń sin lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò ní ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ gbogbo rẹ̀, òun náà kò sì fẹ́ràn ẹni tó ń sọ ohun tí kò mọ̀.

Ràbíátù ni orúkọ rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n láti páàkì ọlọ́kadà títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn kọ́ńpìnnì, Ìyá Oníkànìnkànìn ni wọ́n ń pè é. Adó-Odò ni wọ́n bí i sí, ọkọ ló gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Iwájú ilé wa ló ti ń fọ ọ̀kadà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí kì í so dáadáa. Àwọn tó ń fọ ọ̀kadà pọ̀ ní Sango, ṣùgbọ́n ibi tí ojú ń rí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọ̀: táńkì, ìjókòó, dígí. Táyà ni ìyá àgbà mi máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Bí òjò bá sì ṣú lójijì tàbí tí oníbàárà bá ń kánjú, táyà nìkan ló máa fọ̀, á ní kó máa lọ. Àwọn kan a máa ráhùn pé gbogbo ara ọ̀kadà àwọn ṣì dọ̀tí. Á wò wọ́n láti orí àpótí tó jókòó lé, á ní, "Ṣé orí táńkì lo fi ń rìn ni?"

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò yí padà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò ní fọwọ́ kan táyà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà dé. Á ní kí ọlọ́kadà gbé e dúró lórí irin rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó yọ kọ́kọ́rọ́, kó wá jókòó títí táyà yóò fi tutù. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, inú abọ́ kékeré kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló máa ń gbé e sí. Lẹ́yìn náà á máa fi ọwọ́ yí táyà náà díẹ̀díẹ̀, á máa fi ìdí ṣíbí tín-ínrín kan yọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú ojú rẹ̀. Bó bá kan ìṣó tó wọlé jìn, kò ní yọ ọ́. Á ní kó tì í lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà tó ń lẹ táyà ní ìkóríta, nítorí ìṣó tó wà nínú táyà lè jẹ́ òun gan-an ló di afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mú. Ìgbà tó bá yẹ ẹ̀gbẹ́ táyà wò tán, tó rí i pé kò sán, ni yóò tó fọwọ́ kan kànìnkànìn, omi, àti ọṣẹ ìfọṣọ lásán. Kò lo kẹrosíìnì. Kò lo pẹtiróòlù. Ó ní wọ́n máa ń jẹ rọ́bà láti inú bí ikán ṣe ń jẹ òpó.

Bó bá fọ̀ ọ́ tán, tó gbẹ, á fi àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ fa ojú táyà láti òkè wá sísàlẹ̀, á sì wo àtàǹpàkò náà. Bó bá mọ́, á mú kọ́kọ́rọ́ nínú abọ́, á fi lé ọlọ́kadà lọ́wọ́. Kò ní sọ pé ó dára. Ìyìn ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Tẹ bíréèkì rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi gbẹ, kí o tó bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà."

Ìdọ̀tí Sango kì í ṣe ìdọ̀tí kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ pẹ́ mọ̀ pé amọ̀ Itele pupa, pé eruku tó ń bọ́ lára tírélà onísìmẹ́ńtì funfun bí ìyẹ̀fun, pé wẹ́wẹ́ irin tó ń jábọ́ nítòsí àwọn kọ́ńpìnnì onírin máa ń dán nínú ojú táyà bí ìpẹ́ ẹja. Ìyá àgbà mi a máa kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé. Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń bínú pé ọkọ òun kò lọ kí ìyá òun tó ń ṣàìsàn ní Itele. Kàmọ́rù ń búra pé òun lọ, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibẹ̀ bọ̀ ni.

Ó ní, "Ìyá wa, ẹ bá mi sọ fún obìnrin yìí. Ṣebí ẹ rí mi nígbà tí mò ń kọjá lọ?"

Ìyá àgbà mi ń yọ wẹ́wẹ́ irin kúrò nínú táyà. Kò gbójú sókè. Amọ̀ pupa kò sí níbẹ̀ rárá, bó ti wù kó kéré mọ.

"Èmi ò rí ọ níbì kankan, Kàmọ́rù. Táyà rẹ ló rí ọ."

Èmi àti ìyàwó Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tó lè mú kó pariwo, kì í sì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Àwọn ọlọ́kadà kan máa ń kánjú fọ táyà ẹ̀yìn. Wọ́n á gbé ọ̀kadà dúró, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi sí jíà kí táyà lè máa yí fúnra rẹ̀, wọ́n á wá ki àkísà mọ́ ọn. Iṣẹ́ á yá lóòótọ́. Ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ ṣe é níwájú ilé wa nígbà tí ìyá àgbà lọ ṣe àlùwàlá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí etí àkísà náà tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́bàá ṣéènì. Ohùn ò tíì yọ lẹ́nu mi tí ìyá àgbà fi yọ láti ẹ̀yìn ilé, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, tó kígbe orúkọ Ọlọ́run. Ọkùnrin náà gbọ̀n, ó ju àkísà sílẹ̀. Ṣéènì gbà á mú, ó fà á wọlé, ó lọ́ ọ títí ẹ́ńjìnnì fi kú. Gbogbo wa ń wo àkísà náà. Ó ti di okùn.

Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Ọwọ́ mi ọ̀tún ni mo fi mú un."

Ìyá àgbà ní, "Ṣéènì kì í béèrè èwo ni ọ̀tún."

Ó le, n kò ní purọ́. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣẹ ènìyàn, oúnjẹ ló máa bù fún un, kò ní sọ pé "má bínú." Ní ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá kí wọn nílé wa, ó gun ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó wọ agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà ti rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà, ó lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò fa ojú táyà. Ọkùnrin náà ṣì wà nídọ̀bálẹ̀. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

"Ta ló fọ táyà yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Omi àti ọṣẹ ni, Mà."

Ìyá àgbà dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sínú ilé. "Ẹ gbé àga fún un."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwà ìyá àgbà mi lásán ni. Àwa tí a gbé ilé mọ̀ pé alùpùpù fẹ́spà tí bàbá àgbà ń gùn ló kọ́ ọ. Epo pupa ni bàbá àgbà ń tà nígbà ayé rẹ̀, orí fẹ́spà ló sì ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo láti abúlé wá sí Ọ̀tà. Ní ọjọ́ kan, ọmọrí kẹ́ẹ̀gì kan kò dé dáadáa. Epo ń ro tótó sórí táyà ẹ̀yìn, kò sì mọ̀. Táyà fẹ́spà kéré, bó bá yọ̀, kì í fún ènìyàn láyè. Ibi tó ti fẹ́ yà báyìí ni táyà ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò kú. Ó tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà fún àlejò pé epo òun dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà fi lá a. Gbogbo ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yẹn, ìyá àgbà á dìde kúrò nínú yàrá. Ìgbà kan ni mo tẹ̀ lé e jáde. Ó ń lọ́ kànìnkànìn, kò wò mí. Ó ní, "Epo ò mọ olówó rẹ̀."

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Fẹ́mi dá ibi ìfọ̀kadà sílẹ̀ ní òdìkejì títì. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó gbé oníbàárà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé táyà tó bá fọ̀ máa ń dúdú, á máa dán bí bàtà tuntun. Kọndẹ́ǹ ọ́ìlì ló ń lò, ìyẹn ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì bá dà jáde láti inú ẹ́ńjìnnì. Á pò ó mọ́ kẹrosíìnì díẹ̀, á fi fóòmù kùn ún. Láìpẹ́, àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí fi táyà tí kò dán ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọ̀kadà lágbájá ti hán, kó lọ fi òróró pa á.

Ìyá àgbà mi ré títì kọjá lọ bá Fẹ́mi. Mo tẹ̀ lé e nítorí mo rò pé yóò jà.

Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ mọ́. Mo ti ń wò ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tí o fi ń kun táyà yìí, ṣé o rò pé bàtà ni?"

Fẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá. Ayé ti di ayé dídán, Mà. Ẹni tí kò dán, èrò kì í gùn ún."

"Kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó bá wù ọ́. Ibi tó fi ń di ilẹ̀ mú ni mò ń bá ọ sọ."

"Ẹ̀gbẹ́ nìkan náà ni mò ń kùn, Mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Oòrùn ń yọ́ ọ. Táyà ń yí. Ibo lo rò pé ó ń lọ?"

Fẹ́mi ṣáà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí a ti ń padà bọ̀, ìyá àgbà dúró láàárín títì kí tírélà kan lè kọjá. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú."

Mo wá dé ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, nígbà òjò. Alága páàkì àwọn Ráṣídì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Gbájúmọ̀, ń fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ ní Itele, gbogbo ọlọ́kadà páàkì ni yóò sì tò sìn ín lọ. Gbájúmọ̀ ti kéde pé ẹni tí táyà rẹ̀ kò bá dán kó má ṣe tẹ̀ lé òun, kó má wá ba òun lójú jẹ́ lọ́dọ̀ àna. Bàsírá ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà, ni yóò di òdòdó mú níwájú ìyàwó, ẹ̀yìn Ráṣídì ló sì máa gùn lọ. Gbogbo wọn wá dúró níwájú ilé wa kí wọ́n lè gbé e. Ọ̀nà kún, fèrè ń dún, táyà ń dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ọ̀run sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀ ní apá ibi tí wọ́n ń lọ.

Mo gbé Bàsírá gun ọ̀kadà. Ìyá àgbà jáde, ó ti múra fún òde náà, ó fi ìborùn funfun bọrí. Ó tẹjú mọ́ táyà Ráṣídì, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó lóṣòó. Ó fi àtàǹpàkò fa àárín táyà ẹ̀yìn, ó sì nu ọwọ́ náà sí etí ìborùn funfun yẹn. Ilà dúdú kan hàn níbẹ̀.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe níwájú àwọn ènìyàn."

"Mo ní ta ló fọ̀ ọ́?"

"Fẹ́mi ni. Mo ní ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kó kùn."

"Báwo ni ẹ̀gbẹ́ ṣe dé àárín?"

Gbájúmọ̀ ti iwájú pariwo, "Ìyá Oníkànìnkànìn! Ẹ má dá wa dúró o! Bí oníbàárà bá ti ré títì kọjá, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Gbájúmọ̀, mi ò bá ọ wí. Tìẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Ti ilé mi ni mò ń bá wí." Ó wá yíjú sí ọmọ mi. "Bàsírá, sọ̀kalẹ̀."

Ọmọ náà wò mí. Mo wo ojú ọ̀run, mo wo ilà dúdú tó wà lára ìborùn, mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, òdòdó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú Ráṣídì ti pọ́n. Ó ní, "Ó dáa. Kí ọmọ dúró. Èmi á lọ." Ó tan ẹ́ńjìnnì.

Ìyá àgbà na ọwọ́, ó pa á, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ. Kò sáré. Ó rìn lọ sídìí kànga bí ẹni tó fẹ́ lọ pọn omi, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi."

"Wọ mọ́tò lọ."

"Alága ń wò mí. Gbogbo wọn ń wò mí. Ìyá, mo bẹ̀ yín."

Ìyá àgbà na ọwọ́ sórí kànga. Ó ní, "Ráṣídì, máa bínú sí mi lórí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì." Ó sì tú ọwọ́ sílẹ̀.

A gbọ́ ìró rẹ̀ nínú omi.

Ráṣídì kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ti dójú tì mí." Ó ti ọ̀kadà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn ìyókù gbéra, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí dún, wọ́n lọ sábẹ́ òjò tó ṣú.

Ìyá àgbà kò lọ sí òde náà mọ́. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn tó ti dọ̀tí, ó kọjú sí ọ̀nà Itele. N kò mọ ohun tó yẹ kí n máa bẹ Ọlọ́run. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹnì kan ṣubú, gbogbo ayé á mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ta ló fẹ́ òótọ́ bẹ́ẹ̀? Mo jókòó tì í. A ń wo òjò tó ṣú náà.

Òjò náà kò rọ̀. Ó ṣú títí, ó sì túká. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn padà dé láìsí ẹni tí ohunkóhun ṣe. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rọra kọjá níwájú ilé wa. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lórí ọ̀kadà, ó kígbe pé, "Ìyá Oníkànìnkànìn, a ti dé o! Ẹ wá ka ẹsẹ̀ wa!"

Ìyá àgbà dìde. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ètè rẹ̀ sì ń mì bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń kọjá. Ó ń kà wọ́n lóòótọ́. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn kọjá, ó jókòó padà. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ń fi yín ṣe ẹlẹ́yà." Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹni tó ń fini ṣe ẹlẹ́yà, ó ń mí."

Yẹ̀yẹ́ náà pẹ́ nílẹ̀. "Ẹ wá ka ẹsẹ̀ wa" di orin ní páàkì. Ráṣídì kò lè fara dà á, ó kó lọ sí Ìjù, ó ń ṣiṣẹ́ ní páàkì ibẹ̀. Kò wá sílé mọ́. Ìyá àgbà kò sọ pé kó wá, kò sì sọ pé òun ṣe é ní àṣejù. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà kan bá ti apá Ìjù wá fọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, á bi í léèrè. Kì í béèrè pé, "Ráṣídì ńkọ́?" Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Táyà Ráṣídì ńkọ́?"

Mo jíṣẹ́ náà fún Ráṣídì lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ó wá ní, "Ẹ ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn." Mo sọ fún ìyá àgbà. Ó ní, "N óò lọ bí orókún mi bá gbà fún mi." Orókún rẹ̀ kò gbà. Àìsàn dé, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán. Inú kànga yẹn náà la ti pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í. Àáfà ti wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ti wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní àyè díẹ̀ sí i, ó ní òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀.

Aládùúgbò wa kan wọlé, agbòjò rẹ̀ ń ro. Ó ní ọ̀kadà kan ti ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí, níbi tí ọ́ìlì ti máa ń wà nílẹ̀. Mo ní irú ọ̀kadà wo. Ó ní òun kò mọ̀, èrò ti pé lé e lórí. Mo pe fóònù Ráṣídì, kò gbé e. Mo tún pè é. Mo jókòó sórí àpótí ìyá àgbà nínú òjò.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ráṣídì ló ń bọ̀, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó gbé e dúró níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Ó ní, "Ẹnì kan ṣubú níwájú mi gan-an, àǹtí mi. Mo tẹ bíréèkì. Ọ̀kadà mi dúró. Mo bá wọn gbé e dìde, orókún rẹ̀ ló bó. Ohun tó dá mi dúró nìyẹn. Wọ́n ò tíì gbé wọn lọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò fa ojú táyà náà láti òkè wá sísàlẹ̀, mo nu ọwọ́ náà sí ìborùn mi. Amọ̀ ni. Amọ̀ àti omi òjò lásán. Rọ́bà náà rí hánhán, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bí èyí tí wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ̀ nígbà gbogbo.

Mo bi í pé, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti dé Ìjù." Ó nu ojú rẹ̀. "Mò ń retí kí wọ́n wá wò ó."

Ó wọlé, ó bá àwọn ọkùnrin gbé ìyá àgbà wa. Bí wọ́n ti gbé e dé ẹ̀gbẹ́ kànga, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Fẹ́mi wà lára àwọn tó gbé e, Gbájúmọ̀ náà wà níbẹ̀. Ráṣídì na ọwọ́ kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ sínú abọ́ kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ àpótí, níbi tí ìyá àgbà máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ oníbàárà sí.

Ó ní, "Mò ń fẹsẹ̀ rìn bá yín lọ, Ìyá. Ẹsẹ̀ méjèèjì."